Àìsàn Ìyá Àgbà Gba Mútásíọ̀n

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn ní Boukoki, ní Niamey níbí, ẹ ṣeun, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín. Ṣùgbọ́n irọ́ yín ti pọ̀ jù. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi jókòó sórí ẹní tí mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń ròyìn obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ ní oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ọkùnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Maourey tiẹ̀ sunkún, ó ní ìyá náà kò gbóhùn sókè sí òun rí láyé. Lóòótọ́ ni. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi pe ọkùnrin yẹn ní ọ̀bọ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Zarma, ó tún un sọ ní Haúsá, kí ó má baà sí ẹni tí kò gbọ́.

Èmi Àbẹ̀ní, ọmọ ọmọ tó bá a gbé jù, mo mọ ẹni tí a sin. Alájà Sàláwátù ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aláṣọ, ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí tó fi ń gé àǹkárá lọ. Bí mo bá pè é ní ẹni jẹ́jẹ́ nínú ìwé yìí, yóò jí dìde láti wá bú mi.

Ẹ jẹ́ ká ti orí irọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òun náà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí aṣọ tó ń ṣí ní ìsọ̀ Ìyá Àgbà. "Aṣọ yìí kì í ṣí" ni gbólóhùn Yorùbá àkọ́kọ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ Zarma máa ń mọ̀, àwọn mìíràn ò sì mọ èkejì títí dòní. Obìnrin kan gbé àǹkárá padà wá lẹ́yìn ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, aṣọ pupa ti di ràndànràndàn bí ẹ̀gbin omi sóbò tí wọ́n ń pè ní bisáàpù níbí. Ìyá Àgbà na aṣọ náà sí oòrùn, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, "Aṣọ ò ṣí. Àwọ̀ ara rẹ ló ń dán sí i, ìyẹn ló jẹ́ kí aṣọ dà bí ẹni tó ṣá." Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó sì ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n ó ní irọ́ kejì tí kì í ṣe ti ọjà. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ilé ìyàwó kan ya wọ ìsọ̀ wa, wọ́n gbé aṣọ tí ọkọ ìyàwó kó wá fún ìdána dání. Wọ́n ní ògbólógbòó ọjà ni, pé kí ẹni tó tà á wá jẹ́rìí. Ọkọ ìyàwó wà lẹ́yìn wọn, ó ń làágùn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko. Òótọ́ ni, ògbólógbòó ni, èmi fúnra mi ni mo gbọn eruku ara rẹ̀ nù kó tó gbé e lọ. Ìyá Àgbà wo gbogbo wọn lójú, ó ní aṣọ tuntun ni, láti Cotonou ló ti dé, òun gan-an fẹ́ fi rán tòun, ọmọkùnrin yẹn ló bẹ òun títí. Wọ́n gbé aṣọ wọn, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, wọ́n lọ. Mo bi í pé kí ló dé tó fi purọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Irọ́ tó bá bo ènìyàn láṣìírí, aṣọ ni. Èmi sì rèé, aláṣọ ni mí."

Ìjà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tó bá Alájà Múnírátù jà, ará Ọ̀yọ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọdún mọ́kànlá ni wọn ò fi kí ara wọn. Orúkọ aṣọ ló sì dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ta àǹkárá mọ̀ pé aṣọ tí kò lórúkọ kì í tà. Ìyá Àgbà ní aṣọ kan tí wọ́n ya ẹyẹ méjì sí, tí ẹyẹ méjèèjì kẹ̀yìn síra wọn. Ó sọ ọ́ ní "Orogún Ò Kí Mi." Aṣọ náà tà wàràwàrà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Alájà Múnírátù náà fi orúkọ yẹn pe aṣọ ẹlẹ́ja tirẹ̀. Ìyá Àgbà ní olè ni. Alájà Múnírátù ní ṣé ẹja kì í ní orogún ni. Ó parí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ẹyẹ orí aṣọ yẹn. Bí èébú bá wà láti bú ara wọn, oníbàárà ni wọ́n máa ń bá sọ ọ́, oníbàárà á sì dúró láàárín, á máa wo ọ̀tún wo òsì.

Èmi náà jẹ nínú ẹnu rẹ̀. Niamey ni wọ́n bí mi sí, ilé ìwé Faransé ni mo lọ, Yorùbá mi nígbà náà kò nípọn. "Yorùbá rẹ ò ní eegun," bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń wí. Ṣùgbọ́n mo kàwé dé yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Koira Kano, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀ ilé. Bí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, ẹ pe Àbẹ̀ní. Bí dókítà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ pe Àbẹ̀ní. Kò sí ẹni tó lè yẹ iṣẹ́ mi wò nínú ilé. Ipò tó dùn ni, ó sì máa ń ba ènìyàn jẹ́.

Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó ní eruku ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n gé bíńtín nínú ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni. Obìnrin tí kò fi sìgá kan ẹnu rí, tó máa ń lé àwọn tó ń mu ún kúrò níwájú ìsọ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò kejì dé, inú dókítà ń dùn. Ó sọ ọ́ fún mi ní Faransé pé, "Màmá ní mútásíọ̀n náà. Ìròyìn ayọ̀ ni." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ̀, èmi náà ń mi orí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Niamey, ẹ dúró kí n sọ fún yín. Níbí, ọmọdé pàápàá mọ mútásíọ̀n. Òun ni ìwé tí ìjọba fi ń gbé òṣìṣẹ́ kúrò níbi iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Olùkọ́ tó wà ní Niamey lónìí lè bá ara rẹ̀ ní Diffa lọ́la, àfi tó bá mọ ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé náà. Èmi ò mọ ìtumọ̀ mìíràn fún un. Mi ò sì lè jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé mi ò mọ̀, èmi tí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí mi kọ́ sí ògiri pálọ̀. Mo yíjú sí Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, ó ní àìsàn yín ti gba mútásíọ̀n. Oògùn kan wà tẹ́ ẹ máa lò, òun ló máa gbé e lọ."

"Gbé e lọ síbo?"

"Kò sọ ibi tó ń lọ."

"Kó sáà ti jìnnà," ni Ìyá Àgbà wí. "Kí wọ́n gbé e lọ sí Diffa."

Dókítà ń wo ẹnu wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ là ń sọ.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Boukoki ti gbọ́. Àwọn Zarma tó ti ń kí wa ní "kala suuru," pé ká ṣe sùúrù, wá ń kí wa kú oríire. Ẹni kan bèèrè bóyá àìsàn náà ti kó ẹrù. Ààfáà ilé kéú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó padà síbi iṣẹ́ àtijọ́. Onílé wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó ní, "Gbogbo ayé mi ni mo fi wá mútásíọ̀n, mi ò rí i gbà. Àìsàn Alájà gba tiẹ̀ kí oṣù tó parí!"

Oògùn náà sì ṣiṣẹ́. Àbúrò bàbá mi tó wà ní òkè òkun ló ń fi í ránṣẹ́. Hóró kan láràárọ̀ ni, kò sí abẹ́rẹ́, irun rẹ̀ ò já, kò bì. Láàárín oṣù méjì, Ìyá Àgbà ti lè bú ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdúró mí. Ohun kan ṣoṣo tí oògùn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Irorẹ́ yọ sí i níwájú orí, lẹ́rẹ̀kẹ́, nímú, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Dókítà ní kó má bẹ̀rù, pé irorẹ́ náà sábà máa ń fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún Maourey? Ìyá Àgbà yìí náà ló máa ń lé àwọn tó ń kiri ìpara ìbóra, tó máa ń ní awọ tí Ọlọ́run fún ènìyàn kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń pa láró. Alájà Múnírátù rí irorẹ́ yẹn lódìkejì ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tí àdúrà rẹ̀ gbà. Ó pe oníbàárà kan, ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan! Àgbà tó ń bóra!" Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ sọ́kàn.

Ọdún kan kọjá. Alájà Múnírátù wá ṣàìsàn. Jẹjẹrẹ ni, ti ọmú. Wọ́n ṣàyẹ̀wò tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí ọ̀kankan tó bá tirẹ̀ mu nínú àwọn oògùn tuntun wọ̀nyí. Mo wà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ tó sọdá wá. Ọ̀nà yẹn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ọdún mọ́kànlá ló sì gbà á.

"Alájà Sàláwátù, ẹ kú ọjà."

Ìyá Àgbà ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tẹ́ ẹ, ó tún un ká. "Ẹ kú ọjà o."

"Wọ́n ní tèmi ò gba mútásíọ̀n."

"Ó ti ṣe jẹ́?"

"Ẹ mọ ènìyàn níbẹ̀," ni Alájà Múnírátù wí. "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, kò síbi tẹ́ ẹ ò ti mọ ènìyàn. Ẹ bá mi bá ẹni yín sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ti ẹja."

Ìyá Àgbà wò ó. Obìnrin náà ti rù, ìborùn rẹ̀ ti tóbi jù fún un.

"Ta ló ni orúkọ aṣọ yẹn?"

"Alájà, ẹyẹ ló ni ín."

"Ẹ jókòó," ni Ìyá Àgbà wí. Ó fún un ní àga tirẹ̀ gan-an, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà méjì ti parí síbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ni mo gbé kókó lọ fún Alájà Múnírátù nílé. Mo bá a níwájú dígí, ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. Irorẹ́ mẹ́ta ti yọ síbẹ̀.

"Àbẹ̀ní, sún mọ́bí, wò ó! Ó ti ń ṣiṣẹ́! Sọ fún Alájà pé ó ti ń ṣiṣẹ́!"

Mo sáré lọ sí ìsọ̀. Àlùmọ́gàjí wà lórí aṣọ, lẹ́búlẹ́bú oògùn wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bi Ìyá Àgbà láti ìgbà wo ló ti ń fún un ní oògùn yẹn. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ọ̀pá méjì ni, mo gé e sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ mi nìyẹn." Láràárọ̀, láti oṣù méjì, ìdajì hóró fún òun, ìdajì fún Múnírátù.

Inú bí mi, ó ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo lọ bá dókítà, èmi nìkan. Ó gbọ́ ọ tán, ó mú ìwé, ó ya àgádágodo kan. Ó ní mútásíọ̀n ni àgádágodo yẹn. Ìyípadà kan ni, inú jẹjẹrẹ ti Ìyá Àgbà ló wà, òun ló ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ náà máa dàgbà. Oògùn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọn ò ṣe é fún àgádágodo mìíràn. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, irorẹ́ lè yọ sí i, ìyẹn ò ní kó wo àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹnìkan ò lè ṣí ilé ẹlòmíràn," ni dókítà wí. "Ìdajì kọ́kọ́rọ́ ò sì lè ṣí ilé ẹnikẹ́ni. Mo sọ gbogbo èyí fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣé o ò sọ fún un ni?"

Mo ti sọ fún Ìyá Àgbà pé oògùn kan wà tó ń gbé àìsàn kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn. Tí ó bá lè gbé tirẹ̀, kí ló dé tí kò ní lè gbé ti ẹlòmíràn? Ọ̀rọ̀ mi ló gbà gbọ́, òun ló fi àlùmọ́gàjí sí oògùn.

Láti ọjọ́ kejì, mo ń dúró lé e lórí láràárọ̀ títí yóò fi gbé odindi hóró mì. Mo ní dókítà ló pa á láṣẹ. Mi ò sọ ìdí. Alájà Múnírátù kú kí oṣù yẹn tó parí, irorẹ́ ṣì wà lágbọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní títí dópin ló ń bèèrè dígí.

Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán àyà Ìyá Àgbà, jẹjẹrẹ ti padà. Dókítà ní mútásíọ̀n mìíràn ti yọ lórí ti àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ ò wọ àgádágodo mọ́. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìdajì tó ń lò ló fà á. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Gbogbo ohun tí etí mi mú nínú rẹ̀ ni pé òun ò lè sọ pé kì í ṣe ìdajì ló fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lórí ẹní nínú àgbàlá, mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, èmi ni mo pa yín."

"Èwo tún ni?"

"Ọ̀rọ̀ dókítà tí mo túmọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Mútásíọ̀n kì í ṣe ohun tí mo pè é. Oògùn yẹn, tiyín nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kò lè ran Alájà Múnírátù lọ́wọ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gé e."

Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, mo gbé omi fún un, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ? Faransé rẹ? O rò pé Faransé rẹ lè pa ènìyàn?" Ó nu ojú rẹ̀. "Ta ní ń gbọ́ Faransé rẹ? Ràmátù ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn gan-an, ní Zarma, nígbà tó mú mi lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ó ní tèmi ni tèmi, kò bá ti ẹlòmíràn mu. Mo mọ̀ láti ọjọ́ kìíní."

"Ẹ mọ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ wá fún un?"

"Mo fẹ́ kí òun náà yọ irorẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó pè mí ní àgbà tó ń bóra níwájú gbogbo Maourey."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí. Ìkà obìnrin! Láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa. Ó tún lo oṣù mẹ́rin láyé lẹ́yìn èyí, ó bú gbogbo ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nígbà òjò, bí ẹni tó dìídì mú ọjọ́ tí ìsọ̀ kì í tà.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo kó ìyókù oògùn rẹ̀ lọ sí ọ́sípítù. Dókítà ní ẹnìkan wà tí àgádágodo tirẹ̀ jọ ti Ìyá Àgbà, pé yóò wúlò fún un. Bí mo ṣe ń jáde ni mo rí Ràmátù lẹ́nu ọ̀nà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe, pé ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mútásíọ̀n fún Ìyá Àgbà lọ́jọ́ tí èsì dé.

Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó wá fajú ro. "Lọ́jọ́ wo?"

Mo sọ ọ́ fún un, ní ìparí ọyẹ́, ọdún méjì sẹ́yìn.

"Kì í ṣe èmi," ni Ràmátù wí. "Zinder ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Èṣín ni mo gba mútásíọ̀n wá síbí."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn aláìsàn, mo fi gèlè bo ojú, mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Ìyá Àgbà, aṣọ yín èyí ṣí o.